Ẹ̀rọ Mẹ́rin fún Àrán-Ọ̀rin

Bí ẹ bá béèrè wẹ́dà obìnrin ní Òmù-Àrán, ọ̀dọ̀ Fulera ni wọn yóò mú yín lọ. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́ fún gàrí ló ń ṣe, ọwọ́ bàbá rẹ̀ ló sì ti kọ́ṣẹ́.

Lọ́dún tó kọjá, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin àgbẹ̀ Àrán-Ọ̀rin ní kó ṣe mẹ́rin fáwọn. Kò tíì bẹ̀rẹ̀ nígbà tí Àlájì Salaudeen, tó ń kó irin pẹlẹbẹ wọlé láti òkè òkun, pè é láti Ìlọrin.

"Ìyá Yusrah, ìjọba ti fi kún owó orí irin tó ń wọlé. Ẹrù mi ṣì wà lọ́wọ́ kọ́sítọ́ọ̀mù. N kò lè tà á fún ọ ní iye ti tẹ́lẹ̀ mọ́."

"Háà, Àlájì! Mo ti dá iye fún àwọn èèyàn o!"

Ó lè fi irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ṣe é, ṣùgbọ́n kò ní lò ju ọdún kan lọ. Ó kọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó gun ọ̀kadà lọ sọ òótọ́ fún Màmá Ọláìyá, olórí ẹgbẹ́ náà.

Ẹ̀yìn ilé màmá náà ló ti rí ògbólógbòó ẹ̀rọ mẹ́ta nínú koríko. Ó fi òkúta gbá ẹsẹ̀ ọ̀kan. Irin náà nípọn, kò dípẹtà rárá. Ojú tó ń rin ẹ̀gẹ́ nìkan ló ti bàjẹ́.

"Màmá, ẹ jẹ́ kí n fi ìwọ̀nyí ṣe é. Ojú ẹ̀ nìkan ni n ó fi irin tuntun ṣe."

"Ṣé ògbólógbòó lo fẹ́ kùn lọ́dà fún wa ni?"

"Bí kò bá rin ẹ̀gẹ́ yín kúnná, ẹ má gbà á."

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ó gbé àkọ́kọ́ dé. Màmá Ọláìyá fọwọ́ ara rẹ̀ da ẹ̀gẹ́ sí i, ó fi ìka tẹ èyí tó jáde.

"Eléyìí kúnná ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìyókù ń kọ́?"

Àwọn obìnrin náà fúnra wọn ló lọ wá ògbólógbòó ẹ̀kẹrin rí ní Òrò.

Owó orí irin kò tíì wálẹ̀. Wẹ́dà méjì tó ti ti ṣọ́ọ̀bù wọn pa ti wá ń bá Fulera ṣiṣẹ́ báyìí, wọ́n sì ń lọ láti abúlé dé abúlé láti ra ògbólógbòó ẹ̀rọ. Àlájì Salaudeen náà ti ń gé irin rẹ̀ sí wẹ́wẹ́, nítorí ìwọ̀nba tó tó ojú ẹ̀rọ nìkan ni Fulera ń rà.