Ọkọ̀ Tí Kò Tíì Ní Nọ́ńbà

Nígbà tí mo ra ọkọ̀ tòkunbọ̀ mi, nọ́ńbà rẹ̀ kò tètè jáde. Ìwé àṣẹ ìgbà díẹ̀ ni ìjọba fún mi pé kí n lẹ̀ mọ́ gíláàsì iwájú. Òfin fọwọ́ sí i, ọjọ́ rẹ̀ kò sì tíì pé, ṣùgbọ́n ta ló ń ka òfin lójú títì Mushin? Òṣìṣẹ́ ojú pópó tó bá ti rí i pé ọkọ̀ kò ní nọ́ńbà ni ara rẹ̀ ń yá láti dá a dúró. Èmi tí mi ò jalè wá di ẹni tó ń gba kọ̀rọ̀ kọ̀rọ̀ kiri. Ó dùn mí gan-an.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo ń gbé ìyá mi lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú ní Sùúrùlérè. Ojú wọn ti ń ṣú díẹ̀díẹ̀; ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tí ilé rẹ̀ kò jìnnà sí tiwa, ló bá wa wá dókítà náà. Dókítà ní òun ń rìnrìn àjò lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó sì kìlọ̀ pé ojú yẹn kò ṣe é fi dúró de ìgbà tóun máa padà.

Kí a tó kúrò nílé ni mo ti kọ́ wọn ní ohun tí gbogbo onímọ́tò Èkó mọ̀.

“Mọ́mì, bí wọ́n bá dá wa dúró, ẹ má ṣílẹ̀kùn o. Bí wọ́n bá ti wọlé jókòó, ó parí nìyẹn.”

Wọ́n ní àwọn gbọ́.

A ò tíì jìnnà tí ọkùnrin kan tó wọ aṣọ ìjọba fi na ọwọ́ sí wa. Mo dúró, mo tọ́ka sí ìwé mi. Kò tiẹ̀ wò ó. Ẹ̀gbẹ́ ìyá mi ló gbà lọ, ó tẹríba.

“Mọ́mì, ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ kú ìrìn o.”

Kí n tó la ẹnu, ìyá mi ti ṣílẹ̀kùn. Mo mọ̀ wọ́n: ojú lọ̀rọ̀ wà, wọn ò lè ti inú gíláàsì dá ẹni tó kí wọn lóhùn. Ọkùnrin náà na ọwọ́ wọlé, ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó jókòó pẹ̀sẹ̀.

“Àǹtí, ẹ máa wà á lọ sí ọ́fíìsì wa.”

“Ọjọ́ ìwé yìí ò tíì pé, ẹ wò ó!”

“Ọ̀gá mi ló máa wò ó.”

Kí ni mo fẹ́ ṣe? Mi ò lè jù ú síta, mi ò sì lè sá. Ọkọ̀ mi ni, ọwọ́ mi ló wà lórí sítíárì, síbẹ̀ ibi tó fẹ́ ni mò ń lọ.

Ọ̀gá ò sí ní ọ́fíìsì. A jókòó sínú ọkọ̀, oòrùn ń pa wá, ọkùnrin náà ń tẹ fóònù lẹ́yìn wa. Nígbà tí ọ̀gá dé, ó ka ìwé náà, ó ní kò sí nǹkan tó ṣe é, ká máa lọ. Kò tiẹ̀ bẹ̀ wá. Dókítà ti lọ ká tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Bí a ṣe ń padà bọ̀, ara mi ò gbà á mọ́.

“Mọ́mì, kí ni mo sọ fún yín? Ẹ rí aṣọ tó wà lọ́rùn rẹ̀, ẹ tún ṣílẹ̀kùn!”

Wọ́n yíjú sí mi.

“Mi ò rí aṣọ kankan. Òjìji lásán ni mo rí. Mo rò pé ẹ̀gbọ́n rẹ ni.”