Ta Ló Béèrè Ọkọ̀ Náà?

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí mo ṣì ní láti na ọrùn kí n tó lè rí inú ọkọ̀, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan ṣoṣo ló wà ní gbogbo agbo ilé wa ní Ọ̀fà, ti bàbá mi sì ni. Ẹ má rò pé olówó ni bàbá mi o. Aṣọ ni wọ́n ń tà, ọjà Ojoku ni wọ́n sì sábà máa ń ná. Ọkọ̀ ọ̀hún ti darúgbó kó tó dé ọwọ́ wọn. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ kan kì í ṣí àfi téèyàn bá kọ́kọ́ gbá a. Síbẹ̀, tí bàbá mi bá ti tẹ fèrè rẹ̀ láàárọ̀, inú mi á dùn bí ẹni pé ọdún ló dé.

Bàbá mi ní ìwà kan tó máa ń bí ìyá mi nínú. Wọn kì í gbé ọkọ̀ náà kúrò nílé tí àyè bá ṣì wà nínú rẹ̀. Wọn á tẹ fèrè lẹ́nu ọ̀nà, wọn á pa ẹ́ńjìnnì, wọn á wá jókòó pẹ̀sẹ̀. Kò ní pẹ́ tí ìyá àgbà kan á fi yọ pẹ̀lú agbọ̀n adìyẹ, aláboyún tó ń lọ gba ìtọ́jú á tẹ̀lé e, olùkọ́ kan tó jẹ́ ọmọ ìjọ Áńgílíkà, tó ń gbé lódìkejì ilé wa, á sì sáré dé, táì lọ́wọ́. Ọ̀fẹ́ ni gbogbo wọn ń wọ̀ ọ́. Orí itan ìyá mi ni wọ́n máa ń gbé mi sí, adìyẹ á sì máa ṣá mi lẹ́sẹ̀ títí a ó fi dé Ojoku. Ìyá mi á ní ìlú ni ọkọ òun ra ọkọ̀ fún, kì í ṣe ilé. Bàbá mi á kàn rẹ́rìn-ín.

Lọ́dún kan, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ náà nọ́ọ̀kì lójú ọ̀nà Ojoku. Ó pariwo gbàgàgbàgà, èéfín bò wá, ló bá dákẹ́. Àwọn ọkùnrin sọ̀ kalẹ̀ tì í, àwọn obìnrin ru ẹrù wọn, wọ́n ń rìn tẹ̀lé wọn. Mẹkáníìkì yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní kò sí àtúnṣe kankan mọ́ àfi ká gbé ẹ́ńjìnnì mìíràn sí i, owó ẹ́ńjìnnì ọ̀hún sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó iye tí bàbá mi fi ra odindi ọkọ̀.

Ibi tí mo ń bọ̀ gan-an nìyí. Bàbá mi kò bá mẹkáníìkì jiyàn, wọn kò sì pe ẹbí jọ. Wọ́n ní ká ti ọkọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ilé. Wọ́n ní, "Ẹ jẹ́ kó jókòó síbẹ̀ ná. Bó bá tó ohun tí à ń náwó lé lórí, àwọn tó ń wọ̀ ọ́ á béèrè rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni ò bá béèrè, ẹ jẹ́ ká tà á."

Háà, wọ́n béèrè! Ìyá aládìyẹ ló kọ́kọ́ dé, ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà wa, ó ní òun ò lọ síbì kan. Olùkọ́ wá lẹ́yìn ilé ìwé. Nígbà tó ṣe, àwọn àgbẹ̀ Ojoku tí a kì í rí àfi lọ́jọ́ ọjà gbé iṣu wá kí bàbá mi, bí ẹni tó wá kí aláìsàn. Wọ́n ní, "Kí ló wá ṣe ọkọ̀ wa báyìí?" Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe wí i: ọkọ̀ wa. Bàbá mi kò tún rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì tuntun dé, ẹ̀ka igi máńgòrò ni wọ́n so okùn mọ́, gbogbo ọkùnrin agbo ilé di okùn náà mú, wọ́n ń pariwo, wọ́n ń bú ara wọn, títí ẹ́ńjìnnì fi bọ́ sí àyè rẹ̀. N kò tíì rí ọjọ́ tí inú bàbá mi dùn tó ọjọ́ náà.

Èmi náà ti wá dàgbà báyìí, wọ́n ń pè mí ní Alhaji. Mo ṣiṣẹ́ ìjọba títí mo fi fẹ̀yìn tì, mo kọ́lé sí Ọ̀fà, mo sì ra ọkọ̀ tèmi. Alhaja mi ti ṣaláìsí. Àwọn ọmọ wà ní Èkó, ọ̀kan wà lókè òkun. Nígbà kan, ọjọ́ Jímọ̀ ni ọkọ̀ mi máa ń níṣẹ́ jù, torí mo ní àwọn ọ̀rẹ́ tí mo máa ń kó lọ sí mọ́ṣáláṣí, a ó sì máa jiyàn nínú rẹ̀ ní àlọ àti àbọ̀ bí ọmọ iléèwé. Ọkọ̀ yìí náà ló wá dákẹ́ lójijì lójú títì. Mẹkáníìkì mi nu ọ́ìlì kúrò lọ́wọ́, ó ní, "Alhaji, ẹ́ńjìnnì ti lọ o. A lè rí tòkunbọ̀ gbé sí i, àmọ́ owó rẹ̀ á ju ti ọkọ̀ yín gan-an lọ."

Mo pe àwọn ọmọ. Ọmọbìnrin mi tó wà lókè òkun ní òun á fowó ẹ́ńjìnnì ránṣẹ́ tó bá jẹ́ ohun tí mo fẹ́ nìyẹn, nítorí náà ẹ má ṣe rò pé owó ló dá mi dúró. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló sọ èyí tó dùn mí. Ó ní, "Daddy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká ta nǹkan yìí. Kẹ̀kẹ́ pọ̀ ní Ọ̀fà. Níbo gan-an lẹ tún fẹ́ lọ?" Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìwà àfojúdi rárá. Ìbéèrè gidi ló béèrè.

Ni mo bá ní màá ṣe bí bàbá mi ti ṣe. Mo ní kí wọ́n ti ọkọ̀ náà síwájú ilé, níbi tí gbogbo ẹni tó ń kọjá á ti rí i, mo gbé àga sí fàráńdà, mo ń retí.

Mo mọ̀ pé àwọn tí mo ń kó lọ sí Jímọ̀ ò lè béèrè. Méjì ti kú. Àwọn ọmọ ọ̀kan ti wá mú un lọ sí Ìlọrin, ẹni tó kù kò lè dìde lórí bẹ́ẹ̀dì mọ́. Ṣùgbọ́n mo rò pé àwọn mìíràn á wà. Àwọn ọmọ pólì tó háyà yàrá lẹ́yìn ilé mi ń kọjá láàárọ̀ àti lálẹ́, wọ́n á dọ̀bálẹ̀ kí mi dáadáa, wọ́n á sì wọ kẹ̀kẹ́. Ẹnikẹ́ni ò wo ọkọ̀. Aránṣọ tó wà lójúkojú ilé mi rọra wá bá mi lọ́jọ́ kan, ó kúnlẹ̀, inú mi sì ti ń dùn. Ó ní, "Alhaji, ẹ má bínú, ṣé mo lè máa sá èlùbọ́ sórí ọkọ̀ yín? Òòrùn ibẹ̀ dára ni." Kí ni mo fẹ́ sọ? Mo ní kó sá a. Ọmọ Ọ̀fà ni mí, ìjàkadì lorò wa, ṣùgbọ́n a kì í bá èlùbọ́ jà.

Lẹ́yìn tí ọjọ́ ti gorí ọjọ́, ọkùnrin kan dúró lẹ́nu géètì. Ó ní, "Alhaji, ọkọ̀ yìí ńkọ́?" Ẹ̀yin ọmọ mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í dìde. Kí n tó dìde tán ni mo rí ọmọlanke rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, tó kún fún irin àlòkù. Ó ń ra ọkọ̀ tó ti kú ni. Òun nìkan ló béèrè.

Mo gbé àga kejì fún un, mo bu omi tútù. Ó jókòó, ó nu òógùn. Mo sọ fún un nípa ọkọ̀ bàbá mi, ó rẹ́rìn-ín títí nígbà tó gbọ́ ti adìyẹ. Òun náà sọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ fún mi. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ dájú pé n kò ní pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì. Èèyàn lè rí ẹ́ńjìnnì gbé wọ̀lú láti òkè òkun, ṣùgbọ́n àwọn tó ń jiyàn nínú ọkọ̀ mi ò sí lọ́jà.

N kò bínú sí àwọn tí ò béèrè. Láyé ìgbà tiwa, àìní ló ń kó wa jọ sínú ọkọ̀ kan, tí adìyẹ ń ṣá wa lẹ́sẹ̀. Lóde òní, ẹni tó bá fẹ́ lọ síbì kan á kàn nawọ́, kẹ̀kẹ́ á dúró fún un. Ohun rere ni. N kàn mọ̀ pé ìdánìkanwà ni, ìdánìkanwà gidi, kéèyàn ní àyè nínú ọkọ̀ kó má sì rẹ́ni tó nílò rẹ̀.

Ọkùnrin náà dárúkọ iye tó fẹ́ san, owó gidi sì ni. Mo mi orí, mo dárúkọ iye kan tí mo mọ̀ pé kò ní lè san láéláé. Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n rò ó wò, òun á padà wá lọ́la.

Mo ní kó tètè dé, pé àga rẹ̀ á wà nílẹ̀.