Ẹni Kan Tí Kò Wọ Ọkọ̀

Ní ilé iṣẹ́ rédíò tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Lọ́kọ́ja, èmi ni mo máa ń ka ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín àwọn olórin ní irú ọjọ́ òní: ẹni tí wọ́n bí, ẹni tó kú, rẹ́kọ́ọ̀dù tó jáde. Ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni, lẹ́yìn ìròyìn àárọ̀. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni mo ti ń ṣà á jọ. Kò pẹ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ ni mo rí i pé ikú pọ̀ níbẹ̀ ju ìbí lọ. Bàálù já, mọ́tò dojú dé, ẹnì kan sùn kò jí mọ́. Mo ń kà á bí ẹni tó ń ka orúkọ ibùdókọ̀.

Bàbá kan wà ní Ganaja tó máa ń pè wá. Ará Ọ̀wọ́rọ̀ ni, àgbẹ̀ tó ti ta gìtá rí. Á kọ́kọ́ kí mi ní "Òkun o," á wá tún ọ̀rọ̀ mi ṣe: olórin báyìí kọ́ ló kọ́kọ́ kọ orin yẹn, ọwọ́ òsì ni lámọ̀rín fi ń ta gìtá. Mo fẹ́ràn ìpè rẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, nígbà tí odò Ọya ti ń kún, ó pè mí lórí fóònù tèmi.

"Kí lo ní sílẹ̀ fún Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀?"

Mo kà á fún un. Akọrin òyìnbó kan kú ní ilé ìwòsàn. Ẹgbẹ́ olórin kan l'Ékòó gbé rẹ́kọ́ọ̀dù wọn àkọ́kọ́ jáde.

"Ó ku ọ̀kan," ó ní. "Ọjọ́ yẹn ni ẹgbẹ́ wa parí. Àwa márùn-ún ni. Ibi ìgbéyàwó kan ni wọ́n ń lọ kọrin, ní òdìkejì odò. Ọkọ̀ rì. Kò sẹ́ni tó padà nínú àwọn mẹ́rin."

"Ẹ̀yin ńkọ́, Bàbá?"

"Ibà ń ṣe mí. Mi ò lọ."

Ọ̀gá mi ní kí n kà á. Mo lọ tú ibi tí a ń kó kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ sí, mo sì rí tiwọn, orúkọ ẹgbẹ́ náà ti ń pa rẹ́ lára rẹ̀. Kí orin tó bẹ̀rẹ̀, ẹnì kan rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká tètè ṣe é." Mo pa á, mi ò fẹ́ gbọ́ ohùn yẹn lẹ́ẹ̀kejì.

Láàárín ọ̀sẹ̀ náà, omi wọ Ganaja. Ní Ọjọ́bọ̀, mo ka ìtàn wọn, mo fi orin wọn sí i. Bàbá kò pè. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó ń gbé ní àdúgbò Crusher, ló pè.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá mi bá Bàbá sọ̀rọ̀. Omi ti wọlé, ó ní òun ò níí jáde àfi tóun bá rí yín."

Kẹ̀kẹ́ gbé mi dé ibi tí ọ̀nà ti wọ inú omi, ọlọ́kọ̀ ojú omi kan sì fi ọkọ̀ gbé èmi àti ọmọ Bàbá lọ dé ẹnu ọ̀nà ilé. Bàbá jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó gbé rédíò lé itan. Omi ti fẹ́ kan mátírẹ́ẹ̀sì. Bàtà rẹ̀ kan ń léfòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

"Ibà kọ́," ó ní, kí n tó kí i tán. "Èmi àti olórí ẹgbẹ́ wa ló jà láàárọ̀ ọjọ́ náà. Tìbínú-tìbínú ni mo fi ṣíwájú wọn dé etí odò. Ọlọ́kọ̀ ní ọkọ̀ òun ti sán nídìí, òun ń lọ yá òmíràn, kí n sọ fún wọn kí wọ́n dúró. Nígbà tí wọ́n dé, mi ò jíṣẹ́ náà, mo ní ara mi ò yá. Mo lọ sílé. Ẹni tó ń lu ìlù fún wa mọ ọkọ̀ wà, wọ́n sì ti pẹ́. Wọ́n wọ̀ ọ́."

"Ẹ ò mọ̀ pé yóò rì?"

"Mo rò pé aṣọ wọn á tutù, wọ́n á padà, màá fi wọ́n rẹ́rìn-ín." Ó pa rédíò náà. "Kà á lọ́la."

"Bàbá, mi ò lè ka ìyẹn."

"Kí ló dé? Ṣebí o ń ka ti òyìnbó."

Ọmọ rẹ̀ dúró lẹ́yìn mi, ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó gbé báàgì bàbá rẹ̀. A gbé e wọ ọkọ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di etí ọkọ̀ mú, ó pa ojú dé títí a fi dé ilẹ̀ gbígbẹ. Ọmọ rẹ̀ ní láti ìgbà tóun ti gbọ́njú, òun ò rí i kó wọ ọkọ̀ ojú omi rí.

Ọjọ́ kejì, obìnrin kan tó ń ránṣọ ní Old Market wá sí ọ́fíìsì wa. Bàbá rẹ̀ ni akọrin ẹgbẹ́ náà.

"Mo gbọ́ lórí rédíò pé ẹnì kan ṣẹ́kù," ó ní. "Mo fẹ́ lọ kí i."

Mo jáde síta, mo pe Bàbá. Nígbà tí mo sọ ọmọ ẹni tó jẹ́ fún un, ó ní kí n tún un sọ. Lẹ́yìn náà ló ní, "Jẹ́ kó wá."

Ọmọ Bàbá ló sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún mi. Obìnrin náà gbé abọ́ oúnjẹ wá. Bàbá sọ gbogbo rẹ̀ fún un, kò yọ nǹkan kan sílẹ̀. Obìnrin náà kò sunkún. Ó ní kí Bàbá kọ ibi tí bàbá òun máa ń kọ nínú orin náà. Bàbá kọ ọ́. Nígbà tó kọ ọ́ tán, obìnrin náà dìde, ó jáde láìdágbére. Kò sẹ́ni tó ṣí abọ́ náà.

Láti ìgbà náà, Bàbá kò pe rédíò mọ́. Mo pàdé rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ní Crusher, mo kúnlẹ̀ kí i. Ó dáhùn, ó sì bá tiẹ̀ lọ.

Omi tún ti ń kún lọ́dún yìí. Obìnrin Old Market pè mí ní Ọjọ́ Ajé: "Ẹ kà á bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an." Mo sọ fún ọ̀gá mi pé kó wá ẹlòmíràn tí yóò ka ti ọjọ́ tí ọkọ̀ wọn rì. Ó wò mí, ó bi mí léèrè ohun tó dé. Mo ní ara mi ò yá.