Àtẹ́lẹwọ́ Aláṣọ-Irin

Ọdún méjìlélógún gbáko ni ọkùnrin tí wọ́n ń pè ní Aláṣọ-Irin fi ń da aṣọ bo irin. Ilé tí wọ́n bá fi gíláàsì ṣe ẹnu ọ̀nà rẹ̀, tí òpó irin rẹ̀ sì ti ìta wọnú, iṣẹ́ tirẹ̀ nìyẹn. Nígbà òtútù, irú irin bẹ́ẹ̀ a máa gbé òtútù wọlé bí àlejò tí kò nu ẹsẹ̀. Bí ooru inú ilé bá kàn án, a làágùn, omi a sì kán sílẹ̀. Fóòmù ni Aláṣọ-Irin máa ń lẹ̀ mọ́ ọn, kó tó fi páànù dídán bò ó. Ṣùgbọ́n kí páànù tó dé, ó ní láti fi àtẹ́lẹwọ́ lásán kan oríkèé kọ̀ọ̀kan, níbi tí fóòmù ti pàdé fóòmù, ní àárọ̀ kùtù: ibi tó bá tutù, àlàfo wà níbẹ̀. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ a máa wí pé, "Ọwọ́ kì í purọ́."

Ọwọ́ tirẹ̀ ti ń purọ́ láti ọdún méjì. Gọ́ọ̀mù tó fi ń lẹ fóòmù ti jẹ ẹ́ títí ó fi kú. Ìyàwó rẹ̀ nìkan ló mọ̀, lọ́jọ́ tí ọkọ rẹ̀ gbé ìkòkò kúrò lórí iná láìlo àkísà, tí ojú rẹ̀ kò sì yí padà. Ìyàwó pa á mọ́ sínú. Ọwọ́ ọ̀hún náà ló ń gbé oúnjẹ wá sílé.

Àbúrò Aláṣọ-Irin tó jẹ́ obìnrin ló ń nu ilẹ̀ ní ilé tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe kẹ́yìn. Ẹ̀gbọ́n yìí ló bá a wá iṣẹ́ náà. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, obìnrin náà yọ̀ ṣubú nídìí òpó kẹta, egungun ìbàdí rẹ̀ sì kán. Ọ̀gá tó ń bójú tó ilé náà ní omi ìnulẹ̀ ló fi sílẹ̀ láìgbẹ, ẹ̀bi ara rẹ̀ ni. Ilé iṣẹ́ kò ní tọ́jú rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo nù ún gbẹ," ló wí lórí bẹ́ẹ̀dì. "Ẹ má bínú. Mo bà yín lórúkọ jẹ́ níbi tí ẹ mú mi dé."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dìde, ó lọ wá irinṣẹ́ rẹ̀.

Ní ìdájí ọjọ́ kejì, ó tú páànù òpó kẹta. Ó fi ọwọ́ kàn án. Kò mọ̀ ọ́n lára. Ó wá gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé e. Òtútù gún un bí abẹ́rẹ́, omi sì ṣàn wọ ọrùn ẹ̀wù rẹ̀.

Ọ̀gá bá a níbẹ̀. "Ṣé òpó lo fẹ́ gbé níyàwó ni, tó o fi ń gbá a mọ́ra?"

"Ẹ fọwọ́ kan ibí, sà."

Ọ̀gá kàn án, ó yára fa ọwọ́ sẹ́yìn. "Ta ló yẹ ibí wò?"

"Èmi ni. Ọwọ́ mi ti kú láti ọdún méjì. Mo fi pamọ́ fún yín."

Ọ̀gá mú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ yọ. "Tí mo bá kọ èyí sílẹ̀, o ò ní fọwọ́ kan irin mọ́ láyé."

"Ẹ kọ ọ́. Ẹ kọ ọ́ pẹ̀lú pé ilẹ̀ gbẹ nígbà tí àbúrò mi nù ún tán."

Ọ̀gá kọ ọ́. Aláṣọ-Irin kó irinṣẹ́ rẹ̀ sápò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀bẹ tó fi ń gé fóòmù ló kẹ́yìn. Ó ti rìn dé ẹnu ilẹ̀kùn gíláàsì kó tó bojú wẹ̀yìn, tó rí ẹ̀jẹ̀ tó ń kán tẹ̀ lé e lórí ilẹ̀ mímọ́. Ìgbà náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé ọ̀bẹ ti gé òun.