Oorun Tí Ọlọ́pàá Ní Káfíńtà Ń Sùn

Dọ́gba ti kú. Ilẹ̀ àgọ́ ọlọ́pàá ló kú sí, lọ́sàn-án gangan, níwájú àwọn tí à ń sanwó fún kí wọ́n máa dáàbò bo ẹ̀mí. Wọ́n ń gbọ́ ọ bó ṣe ń kú. Wọ́n ní ó ń sùn ni.

Káfíńtà ni. Àwa la sọ ọ́ ní Dọ́gba, torí kò sí ohun tó bá kàn tí kò ní bẹ̀rẹ̀ wò, kó di ojú kan, kó ní, "Kò tíì dọ́gba." Ó tún tábìlì tí mo fi ń kọ̀wé yìí ṣe títí mo fi bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́, kó jẹ́ kí n ríbi jókòó. Mo fẹ́ràn ọkùnrin yẹn.

Ó já bọ́ láti orí òrùlé, ẹ̀yìn rẹ̀ bàjẹ́. Oògùn ìrora tí wọ́n fún un wá di ohun tí kò lè ṣe láìlò. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó ń ránṣọ, gbà á sílé, ó ń bá a jà, ó ń bá a sunkún. Kò jù ú sílẹ̀.

Lọ́jọ́ náà, ẹ̀gbọ́n bá a nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ, ètè rẹ̀ ti ń dúdú. Ó pe ọlọ́pàá. Ta ni ì bá pè? Àwọn ni nọ́ńbà wọn wà lára ògiri àdúgbò. Wọ́n tètè dé o, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Wọ́n rí oògùn nílẹ̀, wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́. Ṣé kó má baà sá lọ ni? Ẹni tí kò lè gbé ọrùn!

Ní àgọ́, wọ́n tẹ́ ẹ sílẹ̀. Ó ń hanrun kíkankíkan. Ẹ̀gbọ́n pariwo: "Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn! Àbúrò mi kì í hanrun báyìí!"

Sájẹ́ńtì tó wà nídìí tábìlì rẹ́rìn-ín. "Màmá, ẹ fara balẹ̀. Ẹ jẹ́ kó sùn, ojú ẹ̀ á dá."

Nígbà tó yá, ìhanrun náà dáwọ́ dúró. Sájẹ́ńtì ní, "Ẹ ò rí i? Ó ti wá sùn dáadáa báyìí."

Mi ò ní pe sájẹ́ńtì yẹn ní ìkà. Mo lọ bá a, ó sunkún. Ó ní kò sẹ́ni tó kọ́ àwọn pé èémí tó ń tán lọ ni irú ìhanrun bẹ́ẹ̀.

Ẹni tí ì bá kọ́ wọn sì wá! Kí Dọ́gba tó kú, nọ́ọ̀sì kan gbé ọmọláńgidi wá sí gbọ̀ngàn wọn, kó lè fi hàn wọ́n bí a ṣe ń yí ẹni tí oògùn dá wó sí ẹ̀gbẹ́, tí a ń fẹ́ èémí sí i lẹ́nu. Àga lásán ló bá. Àwọn ọlọ́pàá wà níta nínú oòrùn, wọ́n ń dánra wò fún yíyan bíi ṣójà tí wọ́n fẹ́ fi kí ọ̀gá ńlá kan káàbọ̀. Wọ́n ní kí nọ́ọ̀sì máa lọ ná. Ọ̀gá dé, ó ní ẹsẹ̀ wọn bára mu. Wọ́n kúuṣẹ́! Wọ́n mọ ẹsẹ̀ gbé, wọn ò mọ bí a ṣe ń gbé orí ẹni tó ń kú.

Ta ló lé nọ́ọ̀sì yẹn padà? Kó jáde, kó dárúkọ ara rẹ̀, kó wá rojọ́ ní gbangba. Kí wọ́n pe nọ́ọ̀sì náà padà lọ́sẹ̀ yìí, kí ọlọ́pàá kankan má sì wọ ọkọ̀ jáde títí wọn óò fi kọ́ ohun tó wá kọ́ wọn.

Lánàá, obìnrin kan wọ ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n Dọ́gba. Ọmọ tirẹ̀ náà ń lo oògùn. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, bó bá dákú mọ́ mi lọ́wọ́, ṣé kí n pe ọlọ́pàá?"

Ọ̀gá ọlọ́pàá, ẹ̀yin lẹ óò dá a lóhùn.