Ọkọ̀ Tí Mo Mú Gúnlẹ̀

Nínú gbogbo awakọ̀ tó ń kó òṣìṣẹ́ láti ibùdókọ̀ Benson lọ sí Industrial Estate n'Íkòròdú lásìkò yẹn, èmi ni ọ̀gá. Kò sí ọ̀rọ̀ tí mi ò dá sí nínú bọ́ọ̀sì, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè mí ní Prófẹ́sọ̀. Pírámárì kẹta ni mo ti kúrò nílé ìwé. Yorùbá tí mo kọ́ níbẹ̀ ló tó mi kọ èyí. Gẹ̀ẹ́sì ni kò wọlé, mi ò sì jẹ́ kẹ́nì kankan mọ̀.

Ọmọbìnrin mi wà ní sẹ́kọ́ńdìrì nígbà tí ojú ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́. Kò rí pátákó mọ́. Ọ̀gá ilé ìwé ní kí n wá mú un lọ. Tíṣà obìnrin tó ń bójú tó láíbìrì ló bẹ̀bẹ̀. Tíṣà yìí máa ń gba ohùn ara ẹ̀ sínú fóònù fáwọn ọmọ. Á sọ ìtàn inú ìwé kan dé ibi tó ti dùn, á wá ní, "Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìyókù, ìwé wà lórí ṣẹ́ẹ̀fù." Pọ́díkáàsì ló ń pè é. Ó ní bí ọmọ mi bá lè fetí kọ́ ìwé, tó sọ ìtàn kan délẹ̀ níwájú ọ̀gá lọ́jọ́ Ẹtì, kí wọ́n jẹ́ kó máa bá ẹ̀kọ́ ẹ̀ lọ. Ọ̀gá gbà.

Ìtàn tí wọ́n fún un ni ti ọmọbìnrin kan tó wọkọ̀ ojú omi lọ wá ìyá ẹ̀. Omi ń wọnú ọkọ̀. Ibẹ̀ ni ohùn tíṣà dúró sí. Ọmọ mi gbé ìwé náà wálé, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́.

"Bàbá mi, ẹ bá mi ka ìyókù. Ẹ̀yin lẹ ní kò sí ìwé tí ẹ ò lè kà."

Akọ̀wé iléeṣẹ́ kan ń wọ bọ́ọ̀sì mi láràárọ̀, ì bá kà á fún mi ká tó dé Estate. Ṣé Prófẹ́sọ̀ ni yóò wá máa bẹ akọ̀wé pé kó bá òun kàwé? Mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ nírọ̀lẹ́, mo ṣíwèé, mo bẹ̀rẹ̀. Mo lẹ́nu, kò sẹ́ni tí yóò gbà á lọ́wọ́ mi. Mo gbọ́n omi kúrò nínú ọkọ̀, mo mú un gúnlẹ̀, mo mú ìyá jáde wá pàdé ọmọ, mo fi ẹja yíyan ṣe wọ́n lálejò.

Ó nawọ́ kan ìwé náà. "Bàbá mi, ojú ewé kan ṣoṣo ni gbogbo ẹ̀ wà?"

"Lẹ́tà wẹ́wẹ́ ni wọ́n fi kọ ọ́."

"Ẹ ṣeun, bàbá mi."

Lọ́jọ́ Ẹtì, mo dúró lẹ́yìn fèrèsé láíbìrì. Ó sọ tèmi láì fi ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀, títí kan ẹja yíyan. Àwọn ọmọ yòókù bú sẹ́rìn-ín. "Ọkọ̀ tó ti rì, àwọn tó wà nínú ẹ̀ tún ń jẹja?" Tíṣà bi í pé ta ló ka ìwé náà fún un.

"Èmi ni mo kà á, mà."

Ẹni tí kò rí pátákó. Ọ̀gá ní òpùrọ́ ni, ó pa fáìlì dé. Ọ̀rọ̀ kan péré láti ojú fèrèsé yẹn ì bá gbà á sílẹ̀. Ẹnu mi tí gbogbo Benson mọ̀, mi ò là á.

Mo mú un lọ s'Ẹ́pẹ́, sọ́dọ̀ ìyá mi tó ń yan ẹja. Ibẹ̀ lojú ẹ̀ ti fọ́ tán. Ó pẹ́ kí n tó fún akọ̀wé yẹn ní ìwé náà, kó kà á, kó túmọ̀ ẹ̀ sí mi létí. Mo há a sórí, mo gbé ìwé náà lọ bá ọmọ mi l'Ẹ́pẹ́. Mò ń ṣí ojú ewé kọ̀ọ̀kan kó dún dáadáa.

"Ẹ pa á dé, bàbá mi," ló wí. Ó ń fọwọ́ wá ẹja tó kàn lórí ààrò. "Mo ti gbọ́ bó ṣe parí."