Ọjọ́ Tí A Pa Ohùn Géèmù

Nígbà tí èmi tí ẹ ń wò yìí wà lọ́mọdé, orin kan wà tó jẹ́ pé bí mo bá ti gbọ́ ọ, ara mi á bù máṣọ. Kì í ṣe orin òkú, kì í sì í ṣe orin orò. Orin inú géèmù ni. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́ fún yín.

Ojú-Ore ní Ọ̀tà ni à ń gbé nígbà náà, nínú ilé tí yàrá dojú kọ yàrá, tí gbogbo ayálégbé ń pọn omi nínú kànga kan ṣoṣo tó wà láàárín àgbàlá. Ará apá Ọ̀yọ́ ni bàbá wa, iṣẹ́ ló gbé e wá. Ìdí ẹ̀rọ ló ń dúró ní ilé-iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe ike ní Ṣàngó, ó sì máa ń ṣe iṣẹ́ òru. Ìgbà Sáàpù ni. Ìjọba ní àwọn ń tún ọrọ̀ ajé tò, ṣùgbọ́n ohun tí àwa ọmọdé mọ̀ sí i ni pé bùrẹ́dì ń kéré sí i, wàrà di ohun tí à ń rí lọ́wọ́ ẹlòmíràn, àwọn bàbá tó máa ń jáde ní kùtùkùtù sì wá ń jókòó síwájú ilé títí oòrùn fi ń kan àtàrí. Ní ibi iṣẹ́ bàbá wa, wọ́n á kàn pe ènìyàn sí ọ́fíìsì ni. Bó bá wọlé báyìí, kò tún ní padà sídìí ẹ̀rọ mọ́. Nítorí náà, ẹ̀rù ń bá wa gbé bí ayálégbé. Màmá wa á máa gúnyán lọ́wọ́, á ṣàdédé dá ọmọ odó dúró, á ní, “Ọlọ́run, má jẹ́ kí nǹkan mìíràn kún un o. Bí ẹyọ kan bá tún kún un, ọrùn mi á ṣẹ́.” Èmi àti àbúrò mi ọkùnrin tó tẹ̀ lé mi á gbọ́ ọ, a ó sì panu mọ́. Èmi ń lọ sí ọmọ ọdún méjìlá, òun kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ.

Ará Íńdíà kan tó jẹ́ ẹnjiníà ní ilé-iṣẹ́ yẹn ló kó ẹrù rẹ̀ pé òun ń padà sí ìlú òun. Ó pín àwọn nǹkan tí kò lè kó lọ fún àwọn tó bá a ṣiṣẹ́. Ẹnì kan mú fáànù, ẹnì kan mú ìkòkò. Géèmù ni bàbá wa gbé wálé. Nígbà tí màmá wa rí i, ohun tó sọ ni pé, “Wọn ò rí ìrẹsì pín ni?”

Àpótí kékeré aláwọ̀ eérú ni. Páádì méjì tí à ń fi ọwọ́ tẹ̀ wà, tí wáyà so mọ́ ọn, àti àwọn kásẹ́ẹ̀tì ike tó nípọn tí à ń kì bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Bí kò bá ṣiṣẹ́, a ó yọ kásẹ́ẹ̀tì náà, a ó fẹ́ atẹ́gùn sí i nídìí, a ó tún kì í bọ̀ ọ́. Kásẹ́ẹ̀tì kan wà tí a fẹ́ràn ju ìyókù lọ. Ọkùnrin kúkurú kan tó gbé àpò kọ́ ẹ̀yìn ló wà nínú rẹ̀. Á máa sáré lọ láti apá òsì sí apá ọ̀tún, ihò á wà níwájú rẹ̀, ẹranko á wà, òkúta á máa já bọ́ láti òkè. Ohùn ẹ̀rọ náà kò ju mélòó kan lọ, ó dà bí ìgbà tí kòkòrò bá ń fọn fèrè, àmọ́ orin rẹ̀ a máa wọni lára. Ẹ sì mọ̀ pé ọmọ Yorùbá kì í gbọ́ orin kó má fi ọ̀rọ̀ sí i. Bí ọkùnrin náà bá wà nínú igbó, orin rẹ̀ á dùn, àwa a ní ó ń wí pé, “Dìde ká lọ, ilẹ̀ ti mọ́.” Bó bá jìn sínú ihò, orin á yí padà, á lọ sílẹ̀, “Ó ti já sí kòtò, kòtò, kòtò.” Ṣùgbọ́n bó bá wọ abẹ́ àpáta, níbi tí ohun búburú kan ti ń lé e, ohùn ìsàlẹ̀ nìkan ló kù, ó ń lu bí àyà ẹni tó ń sá, ó ń wí pé, “Mò ń bọ̀, mò ń bọ̀, mo ti dé tán.” Orin yẹn ni mo ń sọ.

Àbúrò mi ló mọ̀ ọ́n gbá jù nínú gbogbo ilé. Àwọn ọmọkùnrin tó jù ú lọ á gbá a títí, wọn á jìn sí kòtò, wọ́n á na páádì sí i. Ó ní bó ṣe máa ń jókòó. Á gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á kọ etí sí tẹlifíṣọ̀n, á máa mi orí sí orin náà, ọkùnrin kúkurú á sì máa fò láti orí ihò dé orí ihò bí ẹni pé ẹnì kan ń fà á lókùn. Télọ̀ tó ń gbé yàrá kejì a máa wá dúró lẹ́nu ọ̀nà, á ní, “Ọmọ yìí ò tiẹ̀ wò ó! Ó kàn ń bá a ṣeré ni!” A ó sì pàtẹ́wọ́.

Ó di ọ̀sán ọjọ́ kan nígbà ọlidé. Iná wà. Bàbá wa ti ibi iṣẹ́ òru dé, ó ń sùn nínú yàrá, àwa wà ní pálọ̀. Màmá wa ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ó ní, “Ẹ má jí bàbá yín o. Ẹ pa ohùn nǹkan yẹn.” Mo yí bọ́tìnnì títí ohùn fi tán pátápátá. Àbúrò mi mú páádì. Ọkùnrin kúkurú bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, ó sì jìn sí ihò àkọ́kọ́, èyí tí ọmọ ọwọ́ lè fò. Ó tún bẹ̀rẹ̀, ó tún jìn síbẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín. Lẹ́ẹ̀kan sí i, ó tún jìn síbẹ̀.

“Àǹtí mi, ẹ ṣí ohùn rẹ̀ díẹ̀.”

“Bàbá ń sùn. Ṣé o ò rí ihò níwájú rẹ ni?”

Ó wá ní, “Ihò wo?”

Ẹ̀rín kú mọ́ mi lẹ́nu. Mo kó ọwọ́ mi méjèèjì sẹ́yìn, mo bi í pé, “Ìka mélòó ni mo nà sí ọ yìí?” Ó kọjú síbi tí ohùn mi ti wá, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, “Mẹ́ta.”

Gbogbo ohun tí mo ti ń rí tí n kò kà sí wá ń tò síwájú mi: bó ṣe máa ń fi ìka kan inú ife kó tó bu omi sí i, bó ṣe máa ń di àpò ìwé mi mú bí a bá ń ré títì kọjá, bí tíṣà ṣe ń nà án pé kì í kọ ohun tó wà lójú pátákó. Ó rí ìmọ́lẹ̀, ó sì rí òjìji, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Orin ló ń sọ fún un ibi tí ihò wà. Ó ti há a sórí, ó mọ ibi tí orin ń dé kó tó fò.

Ó wá di ọwọ́ mi mú. “Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún màmá. Wọ́n ní bí ẹyọ kan bá kún un, ọrùn wọn á ṣẹ́. Wọ́n á mú mi lọ sí Ṣàngó, kí n lọ máa tọrọ bárà.” Ní oríta Ṣàngó nígbà náà, láàárín èéfín ọkọ̀, àwọn afọ́jú máa ń tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, ọmọdé á di ọ̀pá wọn mú níwájú. Ibẹ̀ ni àbúrò mi ti ń rí ara rẹ̀.

Mo ní, “O ò ríran mọ́.” Bí mo ṣe sọ ọ́ báyìí ló fa ọwọ́ rẹ̀ yọ. Ó ní, “Mo ríran! Mo ríran!” Ó sì sá jáde láti fi hàn mí.

Nígbà tí màá fi dé ẹnu ọ̀nà, ó ti wọ àgbàlá. Ìyàwó télọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ pọn omi tán, ó ń gbé garawa omi wọlé, kò tíì padà wá pa kànga dé. Ẹnu kànga yẹn kò ga rárá, ẹsẹ̀ ọmọdé lè kọjá lórí rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni àbúrò mi ń sáré lọ. Mo fẹ́ pe orúkọ rẹ̀, àmọ́ mo mọ̀ pé bí mo bá pè é, á tún sáré sí i ni, nítorí ó rò pé mò ń lé òun. Mi ò mọ ohun tó gbé e wá sí mi lẹ́nu. Ohùn tó jáde lọ́fun mi kì í tilẹ̀ ṣe tèmi: “Ó ti já sí kòtò, kòtò, kòtò!”

Ó dúró gbọnin. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni tó ju páádì sílẹ̀. Ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kan bíríkì ẹnu kànga. Òkúta kékeré kan yí lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó já wọlé, a sì gbọ́ bó ṣe bọ́ sómi nísàlẹ̀.

Ariwo ìyàwó télọ̀ ló jí bàbá wa. Ó jáde tòun ti ìró màmá wa nídìí. Mo ti di àbúrò mi mú lọ́wọ́, mo sì sọ gbogbo rẹ̀. Bàbá wa kò bá ẹnikẹ́ni wí. Ó gbé tọ́ọ̀ṣì, ó ní kí ọmọ náà gbójú sókè, ó tàn án sí i. Nínú ẹyinjú méjèèjì, níbi tó yẹ kó dúdú, funfun kan wà níbẹ̀ bí omi ògì.

Nígbà tí màmá wa dé, àgbàlá ti kún. Ẹnì kan ní kí wọ́n gbé e lọ sí ilé àdúrà, pé ayé ló ṣe é. Ẹlòmíràn mọ ewé kan tí wọ́n ń fún sójú. Màmá wa ṣáà ń yí ká, ó ń wí pé, “Ta ni mo ṣẹ̀? Ta ni mo ṣẹ̀?” Bàbá wa fi ọwọ́ bo ojú ọmọ rẹ̀ bí ẹni tó ń lé eṣinṣin. Ó ní, “Ẹ ṣeun o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kán nǹkan sí ọmọ mi lójú.” Ó wá kọjú sí màmá wa, ó ní, “Ìyá ọmọ mi, di aṣọ. Ilé ìwòsàn Abẹ́òkúta là ń lọ ní àárọ̀.”

“Iṣẹ́ ńkọ́?”

“Bí wọ́n bá pè mí sí ọ́fíìsì tí n kò sí níbẹ̀, wọ́n á bá mi nígbà tí mo bá dé.”

Ẹ wá wo ilé ìwòsàn ayé ìgbà náà. Òun alára ń ṣàìsàn. Òwú tí wọ́n máa lò, ìwọ lo máa rà á wá. Ìbọ̀wọ́ dókítà, ìwọ ni. Okùn tí wọ́n fi ń rán ojú, ìwọ náà ni. Bàbá wa ń wọ ilé oògùn kan jáde bọ́ sí òmíràn. Dókítà obìnrin kan ló yẹ ojú náà wò, ó ní nǹkan náà ti pẹ́ tó ti ń bò ó. Ó ní, “Ti ọ̀tún ṣeé ṣe. Ti òsì, n kò ní parọ́ fún yín, mi ò mọ̀.”

Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ, wọ́n gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì onítáyà, wọ́n ń tì í lọ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kò sunkún. Ó pa ojú dé, ó sì ń fi imú kọ orin kan jẹ́jẹ́. Mo fetí sí i, orin abẹ́ àpáta ni: mò ń bọ̀, mò ń bọ̀, mo ti dé tán. Wọ́n pa ilẹ̀kùn dé, orin náà sì dá dúró níbẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ mi, ìdí nìyẹn tí ara mi fi ń bù máṣọ. Èmi àti màmá wa jókòó sórí báńṣì, a ò lè wo ojú ara wa. Mo rò pé orin yẹn ti bá a.

Nígbà tí wọ́n máa tú báńdéèjì, nọ́ọ̀sì ní ká má sọ̀rọ̀. Àbúrò mi ń ṣẹ́jú, omi ń dà lójú rẹ̀. Ó wo màmá wa títí. Ó wá ní, “Màmá, ìgbà wo lẹ hewú?”

Màmá wa fọwọ́ kan orí ara rẹ̀, ó bú sẹ́kún, ó sì tún ń rẹ́rìn-ín. Òtítọ́ ni, ó ti hewú, ọmọ náà kò sì mọ̀. Ojú òsì kò là títí dòní. Ti ọ̀tún là, pẹ̀lú awò ojú tó nípọn bí ìdí ìgò.

A padà sílé. Àwọn ọmọ ilé ti ń retí rẹ̀, wọ́n tan géèmù, wọ́n ṣí ohùn rẹ̀ dáadáa. Àbúrò mi sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n, ó wo ọkùnrin kúkurú náà. Ó ní, “Bó ṣe kéré tó nìyí?” Ó gbá a, ó jìn sí kòtò. Ojú rẹ̀ ń dí etí rẹ̀ lọ́wọ́. Nígbà tó dé abẹ́ àpáta, tó rí i pé ohun búburú tó ń lé wa kò ju ìrísí kan tó rí gbágungbàgun bí òkúta lọ, ó kàn gbé páádì sílẹ̀, ó jáde síta, ó lọ ń wo àwọn ẹyẹ tó bà lórí wáyà iná. Kò fi bẹ́ẹ̀ gbá géèmù mọ́ lẹ́yìn ìyẹn.

Wọ́n pe bàbá wa sí ọ́fíìsì lóòótọ́, kò pẹ́ tá a dé. Kò padà sídìí ẹ̀rọ. Ní Ìjokò, nítòsí Ṣàngó, ló ti lọ dá ìsọ̀ kékeré sílẹ̀, ó ń ta ike tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣe. Ọrùn màmá wa kò ṣẹ́. A jẹ ẹ̀bà púpọ̀, a kò kú.

Ayé ti yí o. Ilé-iṣẹ́ ike yẹn ti di ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ti dí kànga àgbàlá, ẹ̀rọ omi ni wọ́n ń yí báyìí. Iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ṣe sí ojú àbúrò mi pẹ̀lú ìnira nígbà náà, wọ́n ní ènìyàn lè ṣe é láàárọ̀ kó jẹun ọ̀sán nílé ara rẹ̀. Mo dúpẹ́ fún ìyẹn. Nǹkan kan ṣoṣo ni kò tẹ́ mi lọ́rùn. Nígbà tiwa, bí ọmọ kan bá ń gbá géèmù, gbogbo ilé ló ń gbọ́ orin rẹ̀, bí ohùn náà bá yí padà, ẹnì kan á gbọ́. Lónìí, àwọn ọmọ yín jókòó tì yín, wọ́n ki nǹkan bọ etí, ohun tó ń lé wọn nínú rẹ̀, àwọn nìkan ló ń gbọ́ ọ. Ẹ bá mi yọ ọ́ kúrò létí wọn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ má pariwo mọ́ wọn. Ẹ kàn jókòó tì wọ́n, kí ẹ bi wọ́n pé, kí ni wọ́n ń rí.